Mashín Tí Mo Gbé Pákó Lọ Yàn ní Arákalẹ̀

Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà Akíntóyè,
Yaba,
Oǹdó.
Oṣù Kejì, 2025.

Ṣìkẹ́mi, ọmọ mi àtàtà,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìjókòó, má dìde. Bí ó bá bá ọ lórí ìdúró, wá àga. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbàdúrà pé kí ọyẹ́ Ìlọrin má ṣe yín ní ibi, kí oúnjẹ máa dùn lẹ́nu yín, kí oorun yín sì máa jẹ́ oorun àlàáfíà. Ara tèmi le. Ara ìyá rẹ náà le, àfi ẹnu rẹ̀ nìkan ló tún le ju ara lọ.

Mo mọ̀ pé o ó bèèrè pé kí ló dé tí mi ò kúkú fóònù. Mo gbìyànjú rẹ̀. Bí mo bá ti dé ibi tó dùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já, ìwọ náà á sì máa pariwo pé, "Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgékù. Mo fẹ́ kí o kà á láti òkè délẹ̀, kí o sì kà á sí ọkọ rẹ létí, nítorí òun náà wà lára àwọn tó ní kí bàbá lọ sinmi.

O rántí ibi tí ọ̀rọ̀ dé nígbà tí o wá kí wa kẹ́yìn. Èjìká ọ̀tún mi kò gbé ayùn mọ́. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé bí mo bá tún ń fi ọwọ́ rẹ́ pákó bí mo ti ń ṣe é látẹ̀yìnwá, apá yẹn yóò kọṣẹ́ pátápátá. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ Olúmidé ti gbọ́ báyìí, ó tún yàrá kan ṣe nínú ilé tó ń gbé ní Ìjàpò, ní Àkúrẹ́ lọ́hùn-ún, ó ra bẹ́ẹ̀dì, ó ra fáànù, ó ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa kí n wá jókòó. Kí n jókòó kí n máa ṣe kí ni? Ó ní kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ dáadáa ni, Ọlọ́run mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ní kó jókòó, kì í pẹ́ tí wọ́n á fi ní kó dùbúlẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, ó sì bínú.

Nígbà tí ẹnu wa kò kò, mo dá àbá kan. Mo ní, Olúmidé, ilé tí o ń kọ́ sí Ìpogun, o ti kan òrùlé rẹ̀, kò tíì ní férémù ilẹ̀kùn. Gbé iṣẹ́ náà fún mi. Bí igun férémù kan ṣoṣo bá yanu, màá ti ṣọ́ọ̀bù, màá kó wá sí Ìjàpò, ẹ ò sì ní gbọ́ ohùn mi. Ṣùgbọ́n bí gbogbo rẹ̀ bá panu dé, kí ẹnikẹ́ni má tún pe ìfẹ̀yìntì sí mi létí mọ́. Ó rò ó, ó gbà. Ó sì fi ọ̀kan kún un, nítorí inú ṣọ́ọ̀bù yìí ni òun náà ti dàgbà. Ó ní òun kò fẹ́ rí ìyẹ̀fun pákó. Ìwọ náà mọ ohun tó ń sọ. Bí igun bá yanu, káfíńtà ọ̀lẹ á po ìyẹ̀fun pákó mọ́ gọ́ọ̀mù, á fi dí i, á fi sáńpépà ha á, kí onílé tó mọ̀, ọ̀dà ti bo àṣírí. Olúmidé ní òun máa wá wò ó kí ọ̀dà kankan tó kàn án.

Ìyá rẹ kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan nínú wa. Ó ní bí mo bá borí, ó dára. Bí mo bá pàdánù, èmi nìkan ni n ó lọ, nítorí òun kò lè máa gbọ́ ìráhùn mi nínú ilé tí kò ní ẹ̀yìnkùlé tí òun lè sá sí. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìyàwó àárọ̀ ọjọ́ nìyẹn.

Ọwọ́ mi kò lè rẹ́ pákó mọ́, nítorí náà mashín ló gbọ́dọ̀ bá mi rẹ́ ẹ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé férémù tí ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ kì í ṣe ti àtijọ́. Ó fẹ́ èyí tó bo gbogbo ìnípọn ògiri, búlọ́ọ̀kù àti ìrẹ́lé pọ̀, pákó ìrókò tó fẹ̀ tó ínǹṣì méjìlá. Mashín tó lè ṣe é ni èyí tí àwa káfíńtà ń pè ní máítà. Ayùn rìbìtì ni, orí pákó ló ń sọ̀kalẹ̀ sí. O lè yí i sọ́tùn-ún, o lè yí i sósì, o sì lè dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí pákó méjì lè pàdé ní igun láìsí àlàfo. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ní Oǹdó ló ní kí n ra èyí tó tóbi jù. Dúrótoyè wẹ́dà, aládùúgbò mi tí ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí etí wa sinmi, ló pariwo rẹ̀ jù. Ó ní, "Bàbá, ẹ ra èyí tí bíléèdì rẹ̀ tó àwo ìrẹsì àlejò." Mo gbà á gbọ́.

Ọjọ́ tí mo ń lọ sí Àkúrẹ́, mo mú àjẹkù pákó ìrókò kan tó gbẹ, tó sì fẹ̀ dáadáa, mo fi aṣọ funfun wé e, mo gbé e lé ẹsẹ̀ nínú mọ́tò. Ìdí rẹ̀ ni pé pákó arère ni àwọn tó ń ta mashín fi ń dán an wò lójú oníbàárà. Arère kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀bẹ ìdáná pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí ń wo nǹkan tí mo gbé lẹ́sẹ̀, ó wò ó títí, ó wá rọra bi mí pé, "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú, pákó ni mo fẹ́ fi dán mashín wò. Kò gbà mí gbọ́. Ẹ kú ará fẹ́ra kù ló ń kí mi títí a fi sọ̀ ní Àkúrẹ́.

Ní Arákalẹ̀, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń jẹ́ Adéwùnmí. Ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé ni, "ulé" ló ń pe ilé, ọ̀yàyà rẹ̀ sì pọ̀. Ó fún mi ní àga, ó tan jẹnẹrétọ̀, ó gbé mashín ńlá tí Dúrótoyè sọ jáde. Ó fi arère dán an wò, mashín gé e bí ẹni gé búrẹ́dì. Mo ní ó kú iṣẹ́. Ni mo bá tú aṣọ lára ìrókò mi. Àwọn tó dúró níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní bàbá gbé oúnjẹ ti ara rẹ̀ wá sí búkà. A gbé ìrókò sí i. Bíléèdì ńlá yẹn sọ̀kalẹ̀, ó ké, ó jẹ pákó dé ibì kan, ó dúró. Ó ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi tí kò dé. Kò sì lè débẹ̀ láé, nítorí ojú kan ni orí rẹ̀ wà, sísọ̀kalẹ̀ àti gígòkè nìkan ló mọ̀. Adéwùnmí ní kí n yí pákó padà kí n gé ìyókù láti òdìkejì. Mo ní, "Ọmọ mi, ibi tí a bá gé lẹ́ẹ̀mejì, ojú ọ̀nà méjì ló máa ń ní." Inú mi bàjẹ́ díẹ̀, nítorí mo ti fọkàn fẹ́ mashín yẹn.

Ó wá gbé àwọn mashín tí orí wọn ń rìn jáde. Orí tiwọn gun ọ̀pá irin méjì. Bí o bá fà á, á tọ̀ ọ́ wá, bí o bá tì í, á padà lọ. Bíléèdì wọn kéré sí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí kò dé lórí pákó. Méjì ló ní nílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ tòkunbọ̀, ó ń dán yinrin, ó ní iná pupa tó ń fi ibi tí ayùn máa gbà hàn. Ìkejì rí ṣákálá, ó wúwo, kò ní iná kankan lára. Ojú mi lọ síbi èyí tó ń dán, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo fa orí rẹ̀ síwájú títí kò fi lè wá mọ́, mo dì í mú, mo mì í. Ó ń jó. Ọ̀pá rẹ̀ ti jẹ. Bó bá ń jó lọ́wọ́ mi, kí ló máa ṣe nígbà tó bá wà lórí ìrókò? Mo tún wọ awò ojú mi, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Iná Amẹ́ríkà ló ń lò, ìdajì iná tiwa. Ẹni tó bá so ó mọ́ iná Nàìjíríà báyẹn, èéfín ni yóò kọ́kọ́ rí. Adéwùnmí ní òun á bá mi wá tiransifọ́má kún un. Mo ní kó ṣì máa fi í pamọ́ fún mi.

Mo fa ti ṣákálá, mo mì í, kò mì. Mo ní kó fi gé ìrókò mi sí méjì. Nígbà náà ni mo ṣe ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi ní kékeré: mo dojú ìdajì kan délẹ̀, mo fi ojú tí a gé kan ojú tí a gé, mo gbé wọn sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Bó ti wù kí ayùn yẹ̀ kéré mọ, dídojúdélẹ̀ yẹn á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ á sì gba àárín wọn kọjá. Ìmọ́lẹ̀ kọjá, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Gbogbo ọjà yíjú sí Adéwùnmí. Obìnrin náà kò bínú, kò sì jiyàn. Ó wá kọ́kọ́rọ́ kékeré kan, ó tú bóòtù, ó tún un tò, ó ní ká tún gé e. A tún gé e, a tún dojú rẹ̀ délẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wá ọ̀nà títí, kò rí ọ̀nà gbà. Mo ní mo ti rí mashín mi. Bí a ṣe dúnàádúrà kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà, ṣùgbọ́n a fi ẹ̀rín pínyà, ó sì bá mi gbé e dé inú mọ́tò.

Nígbà tí mo délé, Dúrótoyè yí mashín náà po, ó ní, "Bàbá, àbí ọmọ rẹ̀ ni wọ́n tà fún yín?" Àwọn ẹgbẹ́ káfíńtà ní dandan, a gbọ́dọ̀ fọ mashín tuntun, a sì fi mọ́ọ̀tì tútù àti ẹ̀pà fọ̀ ọ́. Alàgbà ìjọ wa gbàdúrà sí i pé kò ní gé ohun tí wọn kò ní kó gé. Àmín mi ló ròkè jù.

Ibi tí mo wá ṣìṣe ni mo dé yìí. Gbogbo ìwádìí tí mo ṣe lórí mashín, n kò ṣe é lórí ohun tí yóò máa fún un lóúnjẹ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń fi tan fáànù àti gílóòbù ni mo so mashín mọ́. Mashín ké, ó wọ pákó dé ìdajì, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ húkọ́, ó sì kú. Pákó ìrókò dáadáa há sẹ́nu ayùn. Iná ìjọba kò sí ládùúgbò wa látìgbà tí tiransifọ́má ti bàjẹ́, Olúmidé sì ti fóònù pé lópin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa dé Ìpogun. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀rù bà mí, Ṣìkẹ́mi. Mo rí yàrá Ìjàpò yẹn níwájú mi, mo rí bí fáànù rẹ̀ ṣe ń yí lórí mi, tí n kò sì ní ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé mashín náà kò jìnnà. Ti Dúrótoyè ni. Ṣùgbọ́n èmi yìí kan náà ni mo ti fi ẹjọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ yẹn sùn lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, lọ́dọ̀ olórí àdúgbò, àti lọ́dọ̀ pásítọ̀ rẹ̀. Ojú ń ti àgbà, ṣùgbọ́n ojú kì í ti ebi. Mo wọ ẹ̀wù mi dáadáa, mo lọ bá a. Ó gbọ́ mi tán, ó nu ọwọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí kí ariwo rẹ̀ má lọ yọ yín lẹ́nu." Mo ní kò ní yọ mí lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ dákun, ẹ tún un sọ, kí ìyàwó mi náà gbọ́." Mo tún un sọ. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló fúnra rẹ̀ fa wáyà láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá sí tèmi. Ènìyàn rere ni. Ariwo rẹ̀ nìkan ni kò dára.

Ìgbà tí mashín rí oúnjẹ gidi jẹ, mo mọ̀ pé mo ra mashín. O ó fa orí rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ, o ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, o ó wá máa tì í lọ. Títì ni, kì í ṣe fífà. Ẹni tó bá ń fà á lórí pákó, ó lè fò wá bá a. Àwa tí a fi ayùn ọwọ́ dàgbà, títì la mọ̀, nítorí náà ọwọ́ mi kò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ. Èjìká mi kò tilẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Mo da orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gé pákó òkè, mo gé ti ẹ̀gbẹ́, mo kó igun méjèèjì pọ̀. Wọ́n wọra. Mo fi èékánná wá ibi tí wọ́n ti pàdé, èékánná mi ń yọ̀ lọ bí ẹni pé pákó kan ṣoṣo ni. Ayọ̀ bò mí mọ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ìyá rẹ sì sáré jáde láti inú ilé, ó rò pé mo ti mu nǹkan.

A kó férémù lọ sí Ìpogun, àwọn bíríkìlà bá mi gbé wọn sójú, a fi wọ́n sílẹ̀ láìkùn. Olúmidé dé pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì rẹ̀. Kò kí mi tán tó fi yọ káàdì báǹkì rẹ̀ jáde. Ó gun àga, ó gbìyànjú láti ti etí káàdì náà bọ igun férémù ẹnu ọ̀nà. Kò wọlé. Ó bọ́ sí ti pálọ̀, ó bọ́ sí ti àwọn yàrá, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó ń fi èékánná ha á bóyá ìyẹ̀fun pákó máa ṣí kúrò. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló fi kẹ́yìn, nítorí ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni káfíńtà máa ń fi iṣẹ́ burúkú pamọ́ sí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Èmi dúró síta pẹ̀lú àwọn bíríkìlà, mo ń yọjú wo ẹnu ọ̀nà léraléra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ohun tí mo ṣe.

Nígbà tó jáde, ó fi káàdì sápò. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ borí." Mo fẹ́ dáhùn, ó gbọ́wọ́ sókè, ó ní kí n jẹ́ kí òun sọ ọ́ tán. Ó ní kì í ṣe pé òun rò pé n kò mọ iṣẹ́. Ó ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni kí fóònù máa dún lọ́jọ́ kan ní ọ́fíìsì, kí wọ́n ní bàbá ṣubú nínú ṣọ́ọ̀bù, tí kò sì sẹ́nì kankan nítòsí. Mo ní, "Ọmọ mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó sí Ìjàpò, ojoojúmọ́ ni n ó máa ṣubú, ẹ ò sì ní mọ̀." Ṣìkẹ́mi, Olúmidé tó o mọ̀ yìí, ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn níwájú àwọn bíríkìlà, pẹ̀lú ṣòkòtò tó lọ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá mi." Mo sunkún. N kò fi í pamọ́. Àwọn bíríkìlà pàápàá kò mọ ibi tí wọ́n máa wò.

Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ kò jẹ́ kí n rímú mí. Ọkùnrin tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Olúmidé ti wá wọn ilẹ̀kùn tirẹ̀, ó ní irú férémù yẹn gan-an lòun fẹ́. Dúrótoyè ń bá mi wá jẹnẹrétọ̀ tèmi. Ó ní kí n ra èyí tí ariwo rẹ̀ máa ju ti òun lọ, kí òun náà lè wá rí ẹjọ́ fi sùn. Ìyá rẹ ti ń sọ fún àwọn ará ìjọ pé òun ló ní kí n ra mashín. N kò bá a jiyàn, nítorí ọjọ́ ayọ̀ kì í ṣe ọjọ́ àríyànjiyàn.

Ó tó gẹ́ẹ́, ọwọ́ ti ń ro mí. Ìwọ tí o ń gbàdúrà fún èjìká mi láti ọ̀nà jíjìn, àdúrà rẹ kò ní lọ lófo. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ohun tí ẹlòmíì yóò gbà lọ́wọ́ rẹ. Àwọn ọmọ rẹ yóò ju ọ́ lọ, wọn yóò sì máa fi ọ̀wọ̀ bi ọ́ léèrè ohun tí o fẹ́ kí wọ́n tó pinnu fún ọ. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn wá kí wa lọ́dún Àjíǹde, a ó sì bá ara wa láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò tíì fẹ̀yìntì,

Kọ́láwọlé Akíntóyè,
Káfíńtà.

Mo tún rántí: Olúmidé wá sí Oǹdó lánàá. Ó ní ìyá rẹ lòun wá kí, ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù ló jókòó sí láti àárọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi délẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó máa lọ, ó rọra bi mí pé, tí òun bá fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba lọ́jọ́ kan, ṣé mo lè fún òun láyè díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì mi, nítorí òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Mo ní kó má dúró de ìjọba. Mo ní kó mú ẹ̀wù iṣẹ́ wá ní Sátidé.